Ara Tó Ń Gbé Ara Mìíràn: Iṣẹ́ Twins Seven-Seven

Nínú àwòrán Twins Seven-Seven, ara ènìyàn kì í dá dúró. Apá a máa di ẹ̀ka igi, ikùn a gbé orí mìíràn, ẹja àti ẹyẹ a sì wọnú ara wọn.

Orúkọ rẹ̀ ti tú àṣírí díẹ̀. Táíwò Ọláníyì ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Ọmọ Ògìdì tí wọ́n bí ní 1944 yìí sọ pé ẹ̀ẹ̀meje ni ìyá òun bí ìbejì, òun nìkan ló sì yè. Àbíkú tó kọ̀ láti padà, ẹ ò rí nǹkan!

Oníjó ló jẹ́ nígbà tó dé Òṣogbo. Ẹni tó ń ta oògùn kiri ló ń jó fún. Ulli Beier, ọmọ Jámánì tó ń gbé iṣẹ́ ọnà lárugẹ, rí i ní Mbari Mbayo, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà níbẹ̀, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ayàwòrán Georgina Beier ní 1964 ló sì sọ ọ́ di ayàwòrán. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wọn ara ènìyàn kí wọ́n tó yà á, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ibi tí ẹlòmíràn ì bá fi sílẹ̀ lófìfo, yíǹkì ló fi ń fa ìlà tíntìntín kún un, bí aládìrẹ ẹlẹ́kọ ṣe ń fi ìyẹ́ adìyẹ kún aṣọ. Nígbà tó yá, ó ń gé pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ń tò wọ́n léra, kí àwọn iwin inú àwòrán rẹ̀ lè yọrí síta.

Paris gbé iṣẹ́ rẹ̀ síbi àfihàn Magiciens de la terre ní 1989, UNESCO sì sọ ọ́ di Oníṣẹ́ Ọnà fún Àlàáfíà ní 2005. Ó kú ní Ìbàdàn ní 2011. Àwọn kan ń fi í wé àwọn ayàwòrán àlá ti ilẹ̀ Faransé, àmọ́ igbó iwin inú ìwé òǹkọ̀wé Amos Tutuola ló bá a tan jù.