Ìhìnrere Júdásì Létí Odò Ọya

Ní Niamey, olú-ìlú Niger, iyàn lórí ikú Jésù kì í ṣe ti ọ̀mọ̀wé nìkan. Mùsùlùmí wà nínú àwọn Yorùbá tó ń ṣòwò níbẹ̀, Onígbàgbọ́ wà nínú wọn, ó sì lè jẹ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù kan náà ni wọ́n jọ ń jókòó sí ní Katako tàbí ní Ọjà Ńlá. Ọ̀kan á ní wọn kò pa Ànábì Ísà, wọn kò sì kàn án mọ́ igi. Ẹlòmíràn ni wọ́n rò pé òun ni, Ọlọ́run ti gbé tirẹ̀ lọ sókè. Èkejì á ní bí kò bá kú, kí wá ni àwọn ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dún Àjíǹde? Oníbàárà á dé, wọ́n á fi Haúsá tàbí Zarma dá a lóhùn, iyàn á di ọjọ́ mìíràn. Ní orílẹ̀-èdè tó fẹ́rẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ará ibẹ̀ ni Mùsùlùmí, tó jẹ́ pé ọdún 1931 ni àwọn àlùfáà Kátólíìkì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Dahomey wá tẹ̀dó sí olú-ìlú rẹ̀, Onígbàgbọ́ ti mọ ìbéèrè yìí mọ́ ara. Kò ní ojú tì í, kò sì ní gbóná sí i.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ni pé àwọn kan tó ń pe ara wọn ní ọmọ-ẹ̀yìn Jésù ti sọ ohun tó jọ ọ́ ní ọ̀pọ̀ ọdún kí Ìsìláàmù tó dé. Àwọn ni a ń pè ní Gnostic, àwọn tó gbà pé ìmọ̀ ìkọ̀kọ̀ ló ń gbani là, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 180, Irenaeus, bíṣọ́ọ̀bù Lyon ní ilẹ̀ Faransé, kọ̀wé pé Basilides ará Alẹkisáńdríà ń kọ́ àwọn ènìyàn pé Símónì ará Kírénè ni wọ́n kàn mọ́ àgbélébùú. Jésù ti fi ìrísí tirẹ̀ wọ Símónì, òun náà sì gbé ti Símónì wọ̀, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìtàn burúkú gbáà ni fún Símónì, bí ẹ bá bi mí.

Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹnu ọ̀tá la ti sábà ń gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn yìí gbàgbọ́. Àfi ìgbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 1945, tí àwọn àgbẹ̀ tó ń wa ilẹ̀ ọlọ́ràá nítòsí Nag Hammadi, ní òkè Íjíbítì, rí ìkòkò kan. Ìdì ìwé 13 ló jáde níbẹ̀, àkọsílẹ̀ 52 sì wà nínú wọn. Muhammad Ali, ọ̀kan nínú àwọn tó hú u, sọ pé ìyá òun fi lára rẹ̀ dáná. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan kò fẹ́ gba ìtàn rẹ̀ gbọ́ délẹ̀délẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ilé ìdáná abúlé kò ní bá a jiyàn. Nínú àwọn ìwé náà ni èyí tí wọ́n ń pè ní Àkọsílẹ̀ Kejì ti Sẹ́ẹ̀tì Ńlá wà. Ẹ̀rín yẹn náà ló tún hàn níbẹ̀: Jésù ń wòran láti òkè, ẹlòmíràn ló gbé igi léjìká.

Èmi kò sọ pé ibẹ̀ ni Mùsùlùmí ti gbọ́ tirẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń sọ ọ́ kò papọ̀ rárá. Mùsùlùmí ní Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọ̀tá rí ojú òjíṣẹ́ Rẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ iyì wòlíì ni. Gnostic ní ẹran ara kò já mọ́ nǹkankan, nítorí náà ohun tí ìṣó kàn kì í ṣe Jésù. Ọ̀kan ń bọlá fún Ẹlẹ́dàá, èkejì kò tilẹ̀ fẹ́ rí Ẹlẹ́dàá sójú.

Èyí tí ariwo rẹ̀ pọ̀ jù nígbà tiwa ni Ìhìnrere Júdásì. Láàárín ọdún 1970 sí 1979 ni wọ́n rí i ní agbègbè El Minya, ní Íjíbítì yẹn náà, lórí ìwé tí wọ́n fi koríko etí odò ṣe. Ẹni tó fẹ́ tà á ń bèèrè owó gọbọi. Nígbà tí kò rí i gbà, ó tì í mọ́ báńkì kan ní Hicksville, nítòsí New York, ó sì wà níbẹ̀ fún ọdún 16. Ẹlòmíràn tún rà á, ó kì í sínú ẹ̀rọ amúǹkan-dì, ó rò pé òun ń tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí Rodolphe Kasser, ọ̀mọ̀wé ará Switzerland, máa fi fọwọ́ kàn án, ó ti di àjákù tó sún mọ́ ẹgbẹ̀rún kan. Oṣù Kẹrin ọdún 2006 ni ẹgbẹ́ National Geographic gbé e jáde fún aráyé.

Ìwé kékeré ni, ó sì lágbára. Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Jésù bá àwọn ọmọ-ẹ̀yìn níbi tí wọ́n jókòó sí, wọ́n ń dúpẹ́ lórí búrẹ́dì. Ó bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n bi í pé kí ló dé tó fi ń fi ìdúpẹ́ àwọn ṣẹ̀rín. Ó ní kì í ṣe àwọn lòun ń rín. Ọlọ́run wọn ni wọ́n ń fi ìyẹn yìn. Ẹ kíyè sí i: ọlọ́run *wọn*, kì í ṣe tòun. Inú bí wọn. Ó ní kí ẹni tó bá tó ọkùnrin nínú wọn dìde dúró níwájú òun. Kò sí ẹni tó lè ṣe é àfi Júdásì, òun náà kò sì lè wojú rẹ̀. Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Yorùbá tó bá dé ibi yìí yóò mọ irú ìdúró bẹ́ẹ̀ dáadáa, torí ọmọ tí a kọ́ kì í tẹjú mọ́ bàbá rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ mọ ìtàn í sọ. Lẹ́yìn náà ni Jésù wá sọ fún Júdásì pé òun ni yóò fi ọkùnrin tó gbé òun wọ̀ rúbọ. Ìwé náà sì parí lójijì: Júdásì gba owó, ó fà á lé wọn lọ́wọ́, ó tán. Kò sí àgbélébùú, kò sí ibojì, kò sí obìnrin tó gbé òórùn dídùn lọ sí ibojì ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Fún èmi, ibi tí ìwé náà ti kù díẹ̀ káàtó nìyẹn. Àwa tí a kì í fi òkú wa sílẹ̀ láìwẹ̀, báwo la ṣe fẹ́ tẹ̀ lé ìhìnrere tí kò ní òkú?

Àwọn ìwé yìí ní ọlọ́run kékeré kan, Yaldabaoth, tó ya aláìmọ̀kan, ló dá ayé, ó sì ti ẹ̀mí wa mọ́ inú ẹran. Ejò ọgbà Édẹ́nì wá di olùkọ́ tó fẹ́ ṣí wa lójú. Ó ń ya Onígbàgbọ́ lẹ́nu, kò sì yẹ kó ya Yorùbá lẹ́nu ju bẹ́ẹ̀ lọ. A ti gbọ́ ọ nílé pé Ọbàtálá mu ẹmu, ọwọ́ rẹ̀ ṣì nígbà tó ń mọ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ibi tí àwọn baba wa gbé ọ̀rọ̀ náà lọ yàtọ̀: ẹni òrìṣà ni wọ́n pe abuké àti àfín, wọ́n bọ̀wọ̀ fún wọn. Wọ́n sì ní ayé lọjà, ọ̀run nilé. Wọn kò pe ayé ní ẹ̀wọ̀n. Ẹni tó ti Ìbàdàn lọ tajà ní Niamey mọ̀ pé ibẹ̀ kọ́ ni ilé òun, kò torí ìyẹn kórìíra ọjà, èrè ló wá.

Bí ìjọ ṣe dá àwọn Gnostic lóhùn láyé àtijọ́ kò jẹ́ ọ̀kan. Lọ́dún 367, Athanasius ti Alẹkisáńdríà ka ìwé 27 Májẹ̀mú Tuntun lórúkọ, ó ní kí wọ́n ta àwọn ìwé ìkọ̀kọ̀ nù. Àwọn kan rò pé ẹ̀rù lẹ́tà yẹn ló mú kí wọ́n bo ìkòkò Nag Hammadi mọ́lẹ̀. Irenaeus ni mo gba tiẹ̀. Ó fi ìwé márùn-ún bá wọn jà, ẹnu rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ kọ ohun tí wọ́n wí sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka Ìwé Ìkọ̀kọ̀ Jòhánù láti inú ìkòkò, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ ohun tó kọ nípa ẹ̀kọ́ yẹn bára mu.

Àwa náà ní tiwa nínú ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ìkọ̀kọ̀. Josiah Ọ̀ṣítẹ̀lú, tó dá Ìjọ Olúwa Aládùúrà sílẹ̀ ní Ògèrè lọ́dún 1930, ní Ọlọ́run fi àwọn orúkọ mímọ́, èdìdì àti ọnà ìkọ̀wé tí ẹnìkan kò rí rí hàn òun. Gnostic kọ́ ni. Àdúrà, ààwẹ̀ àti ìwòsàn ara ló ń ṣe, èyí tí Gnostic kò kà sí. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tó fara sin wà níbẹ̀, àwọn aṣáájú Faith Tabernacle, ìjọ àdúrà mìíràn nígbà náà, sì bá a fà á. Lọ́dún 1931 wọ́n pínyà, oníkálukú bá tirẹ̀ lọ. Ìjọ Olúwa ṣì wà títí di òní.

Iyàn bẹ́ẹ̀ náà ló wáyé nígbà tí Ìhìnrere Júdásì jáde. Rowan Williams, tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury nígbà náà, fi ìwàásù Àjíǹde 2006 dá a lóhùn. Nígbà tó di ọdún 2007, April DeConick tó ń kọ́ni ní Rice University ní àwọn olùtumọ̀ ti ṣi ìwé náà kà, pé kò yin Júdásì rárá, ó ń bú u ni.

Iná tó jó ní Niamey lọ́jọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 2015 kò ti inú irú iyàn yìí wá. Àwòrán tí ìwé ìròyìn Charlie Hebdo yà ní Paris ni wọ́n ń bínú sí, àwọn tí kò mọ Paris ni wọ́n sì gbẹ̀san lára wọn. Ọlọ́pàá ní ṣọ́ọ̀ṣì 45 ló jóná nínú ìlú yẹn nìkan. Ènìyàn 10 kú ní orílẹ̀-èdè náà. Àwọn Mùsùlùmí kan fi Onígbàgbọ́ tó jẹ́ aládùúgbò wọn pamọ́ sínú ilé wọn. Àwọn wọ̀nyí náà kò gbà pé Jésù kú lórí igi, wọn kò sì yí ohùn padà.

Ẹni tó bá fẹ́ ka àwọn ìwé Gnostic yìí ní Niamey, Faransé wà nílẹ̀: ilé ìtẹ̀wé Gallimard tẹ àkójọ ìwé Nag Hammadi jáde lọ́dún 2007, ó sì tóbi. Kó má fi Júdásì bẹ̀rẹ̀. Ìhìnrere Tómásì ni kó kọ́kọ́ ṣí, ọ̀rọ̀ Jésù 114 ló wà níbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn sì jọ èyí tó ti gbọ́ nínú Mátíù àti Lúùkù. Kó má sì fo èyí tó kẹ́yìn, níbi tí Pétérù ti ní kí wọ́n lé Màríà jáde láàárín wọn nítorí pé obìnrin ni. Kó kà á sókè létí àwọn ìyá ìjọ, kó sì fara balẹ̀ gbọ́ èsì.