Ọmọ Ìka Ewé Ẹ̀gẹ́

Bí ewé ẹ̀gẹ́ bá ti ń káko, kò sí àgbẹ̀ Ẹjìgbò tí kò ní mọ̀ pé nǹkan ti ṣe é. Kí ló ṣe é gan-an ni ìjà. Àìsàn mòsáíkì, tí kòkòrò funfun kéékèèké ń gbé kiri, máa ń fi àbàwọ́n ràkọ̀ràkọ̀ sára ewé, á sì lọ́ ọ pọ̀. Kòkòrò mìíràn bíńtín a máa fa oje ewé mu, ojú ibẹ̀ á wá dà bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un. Ẹni tó bá ń kánjú á pe ọ̀kan ní èkejì.

Láti wá ojútùú sí irú àṣìṣe yìí, àwọn onímọ̀ IITA, ilé ìwádìí tí wọ́n dá sílẹ̀ n'Íbàdàn ní 1967, àti ti Yunifásítì Penn State ní Amẹ́ríkà gbé kámẹ́rà wọ oko ẹ̀gẹ́ ní ẹ̀bá Bagamoyo, ní Tàǹsáníà. Nínú èyí tí wọ́n yà, àwòrán 2,756 ni wọ́n ṣà lò. Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ló dùn mọ́ mi jù. Ewé ẹ̀gẹ́ dà bí àtẹ́lẹwọ́ tó la ìka. Wọ́n gé àwòrán náà ní ìka kọ̀ọ̀kan títí ó fi pé 15,000. Ìsọ̀rí mẹ́fà ni, 2,500 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: àìsàn mẹ́ta, ìyà kòkòrò méjì, àti èyí tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ìka kọ̀ọ̀kan ni ojú ènìyàn wò kí wọ́n tó fi kọ́ kọ̀ǹpútà láti dá àìsàn mọ̀, bí ìyá tó ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Nígbà tí àbọ̀ iṣẹ́ jáde ní 2017, nínú ọgọ́rùn-ún àwòrán, kọ̀ǹpútà mọ 93.

Oko kì í ṣe àwòrán, ṣá o. Nuru, ètò orí fóònù tó ti inú iṣẹ́ yìí jáde, ni wọ́n dán wò lẹ́yìn náà: lórí ewé kan ṣoṣo, 65 nínú ọgọ́rùn-ún ló gbà. Àwọn àgbẹ̀ gan-an kò kọjá 31. Ìgbà tí wọ́n ní kó wo ewé mẹ́fà lára igi kan ló tó wọ 74 sí 88. Àgbà oko kì í fi ewé kan dájọ́, fóònù náà ti wá gbọ́n bẹ́ẹ̀. Kò sì nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì, èyí tó ṣe kókó fún ẹni tí oko rẹ̀ jìn.

Abẹ́ ewé ni kòkòrò funfun máa ń fara pa mọ́ sí. Fóònù kò lè yí ewé dà. Ọwọ́ àgbẹ̀ ló ń yí i.