Ohùn Méjì gẹ́gẹ́ bí Àwùjọ: Orin Ìwòsàn Àwọn Ìbejì Lijadu ní Ìfiwéra pẹ̀lú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Ọ̀tà

Lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá kò ya ìwòsàn ara sọ́tọ̀ kúrò lára ìtòrò ìlú. Orin Ọ̀ṣun ń tọrọ ọmọ fún àgàn, ó sì ń tọrọ ìrọ̀rùn fún Òṣogbo. Babaláwo tí ó dá Ifá fún aláìsàn lè sọ pé ìjà ìdílé ni kí wọ́n kọ́kọ́ parí. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn lámèyítọ́ bá ń ka irú orin bẹ́ẹ̀, ẹnu wọn kì í sábà kan orin inú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, pàápàá èyí tí ó pa Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ Yorùbá. Orin àríyá lásán ni wọ́n kà á sí. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé orin Táíwò àti Kẹ́hìndé Lijadu yẹ kí ó ní àyè láàrin àwọn orin ìwòsàn wọ̀nyí. Pé bí wọ́n ṣe pín ohùn láàrin ara wọn ni agbára ìwòsàn orin náà fi hàn jù. Àti pé orin náà ní àléébù tí kò yẹ kí a fi pamọ́. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Ọ̀tà ni a fi ṣe òṣùwọ̀n.

Ọ̀tà jẹ́ ìlú Àwórì lábẹ́ Ọlọ́ta, ó sì wà lára àwọn ìlú tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti fìdí múlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Kétu àti láàrin àwọn Yewa. Nínú ẹsẹ Ifá tí Pierre Verger tẹ̀ jáde ní 1965, a dárúkọ Ọ̀tà mọ́ àwọn ìyàmi, àwọn ẹlẹ́yẹ. Àwọn ìyá wọ̀nyí ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń tù lójú kí ìlú lè rójú. Òru ni Ẹ̀fẹ̀ ń kọrin. Ijó di ojúmọ́. Ẹ̀fẹ̀ a kọ́kọ́ júbà, lẹ́yìn náà ni yóò tú àṣírí: olè, alágbèrè, olóyè tí ó jẹ owó ìlú. Òun ni ó ń lé, àwọn ènìyàn ni ó ń gbè. Bí wọ́n bá ti gbè é, ẹjọ́ náà ti kúrò ní ti ẹnì kan. Àṣà fún apohùn yìí ní ààbò, nítorí pé ẹni tí orin bá bá wí kò gbọdọ̀ gbẹ̀san lára rẹ̀. Egbò ìlú ni Ẹ̀fẹ̀ ń fọ̀ kí ó tó lè jinná.

Ohun mìíràn tún wà nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí ó kan ọ̀rọ̀ yìí. Henry àti Margaret Drewal ṣàlàyé nínú ìwé wọn ti 1983 pé méjì-méjì ni àwọn òṣèré náà sábà máa ń jáde sójú agbo, pẹ̀lú aṣọ tí ó jọra àti ẹsẹ̀ ijó kan náà. Ìtàn Kétu kan tilẹ̀ so ìbẹ̀rẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ àwọn ìbejì ọmọ ọba tí wọ́n ń du oyè baba wọn. Èjì tí ó ń jà lè tú ìlú ká. Èjì tí ẹsẹ̀ wọn ṣọ̀kan nínú ijó ń fi bí àjọṣe ti ń rí han ìlú.

Jọ́ọ̀s ni a bí àwọn ìbejì Lijadu sí ní 1948. Orin wọn, “Ìyá Mi Jọ̀wọ́”, jáde ní 1969. Láàrin 1976 sí 1979, Decca gbé àwo ńlá mẹ́rin wọn jáde lábẹ́ àmì Afrodisia: Danger, Mother Africa, Sunshine àti Horizon Unlimited. Biddy Wright ni ó bá wọn to ohùn èlò orin pọ̀. Ìlù àti gìtá inú àwọn àwo náà ní àwọ̀ Afrobeat Fẹlá, ìbátan wọn. Àwọ̀ rẹ́gè àti disco náà sì wà níbẹ̀.

Bí a bá tẹ́tí sí ọ̀pọ̀ nínú orin wọn, ó ṣòro láti mọ ẹni tí ó ń lé. Ohùn méjèèjì máa ń gbéra pọ̀, wọn a sì jọ balẹ̀; nígbà tí wọ́n bá tilẹ̀ yà, ọ̀kan kì í jìnnà sí èkejì. Ẹlòmíràn lè sọ pé ẹ̀dá ìbejì ni èyí, pé kò sí ọgbọ́n kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣà ti fún ẹ̀dá náà ní ìtumọ̀. Táíwò ni ó kọ́kọ́ dé ayé, síbẹ̀ Kẹ́hìndé ni Yorùbá ń pè ní ẹ̀gbọ́n. Níbi tí ẹni tí ó ṣáájú ti jẹ́ àbúrò, ipò aṣíwájú kò lè jẹ́ ti ẹnì kan títí lọ. Àwọn Lijadu mú èyí wọ inú orin wọn.

Èyí ṣe pàtàkì fún orin inú àwo. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ gé ìlú kúrò lára orin: apohùn wà nínú yàrá ìgbohùnsílẹ̀, olùgbọ́ wà ní ilé tirẹ̀, kò sì sí agbo tí yóò gbè. Ọ̀pọ̀ olórin fi ẹgbẹ́ elégbè dípò ìlú. Èkejì ẹni ni àwọn Lijadu fi dípò rẹ̀. Ohùn kejì di àwùjọ tí ó kéré jù lọ, ẹni kan ṣoṣo tí ó gbọ́, tí ó sì gbà.

Ọ̀rọ̀ inú orin wọn kò jìnnà sí iṣẹ́ Ẹ̀fẹ̀. “Amebo”, inú àwo Danger, ń bá olófòófó wí. Inú eré tẹlifíṣàn The Village Headmaster, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1968, ni orúkọ yìí ti bọ́ sí ẹnu àwọn ènìyàn. “Cashing In” dojú kọ àwọn tí ń jẹ lára ìyà mẹ̀kúnnù. Ní ti “Ìyá Mi Jọ̀wọ́”, orúkọ rẹ̀ pàápàá jẹ́ ẹ̀bẹ̀. Kò tọ́ kí a sọ pé ìyá tí a bẹ̀ níbẹ̀ ni àwọn ìyá tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń tù, nítorí kò sí ẹ̀rí. Ohun tí ó jọra ni ìdúró apohùn, ẹni tí ó mọ̀ pé láìsí ìyọ́nú ìyá, ọ̀rọ̀ kò ní lójú.

Àléébù àkọ́kọ́ ni pé àwọn Lijadu bá ìwà wí láìdárúkọ oníwà. Ẹ̀fẹ̀ kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀daràn inú “Cashing In” lè gbọ́ orin náà kí ó sì jó sí i. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ yìí gbọdọ̀ ro ti ààbò mọ́ ọn. Ìjọba ológun ni ó wà lórí oyè nígbà náà. Ní oṣù Kejì ọdún 1977, àwọn ọmọ ogun dáná sun ilé Fẹlá, wọ́n sì ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, láti ojú fèrèsé. Ìyá náà kú ní 1978. Olórin inú àwo kò ní ìbòjú Ẹ̀fẹ̀.

Àléébù kejì wúwo jù. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní àrólé: bí ẹni tí ń gbé e bá lọ, ẹlòmíràn yóò gbé e. UNESCO kéde rẹ̀ ní ogún aráyé ní 2001, síbẹ̀ àrólé ni ó pa á mọ́ kí UNESCO tó dé. Àwọn ìbejì Lijadu ṣí lọ sí Amẹ́ríkà ní àárín 1980 sí 1990. Kẹ́hìndé ṣubú, ó sì fara pa gidigidi ní 1996. Ó sì kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019. Kò sí ẹni tí ó lè jogún ohùn kejì náà. Inú àwo nìkan ni ó kù sí.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ó yẹ kí a béèrè irú ìlú tí orin kọ̀ọ̀kan lè wò sàn. Láti Ọ̀tà dé Sango, lẹ́bàá ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ti kó ènìyàn jọ láti ọ̀pọ̀ ìlú àti ẹ̀yà. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ kan náà, wọ́n ń gbé ojúlé kan náà, ṣùgbọ́n wọn kò mọ oríkì ara wọn. Àjọgbé ni wọ́n, wọn kì í ṣe àjọbí. Ẹ̀fẹ̀ nílò ìlú tí ó mọ ẹni tí a ń bá wí. Bí a bá dárúkọ olè fún àjèjì, orúkọ lásán ni yóò gbọ́. Orin àwọn Lijadu kò béèrè pé kí olùgbọ́ mọ ilé ẹnikẹ́ni. Ó béèrè pé kí ó gbọ́ ohùn méjì tí wọn kò du ipò, kí ó sì mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni àjọgbé ṣe lè rí. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń tún ìlú tí ó ti wà ṣe. Orin Lijadu ń kọ́ ìlú tí kò tíì wà ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, èyíinì ni ènìyàn méjì. Ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ alohùn tí ó gba ti àkọ́kọ́ tí ó sì kọ èkejì ti fi ìdajì àwọn tí ń gbé Ọ̀tà lónìí sílẹ̀ láìní orin.