Yíyan Supercharger fún Ọkọ̀ Ìgboro

Mo kan sáárá sí àwọn mẹkáníìkì Amẹ́ríkà tó mọ supercharger, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnì, yàn fún Mustang GT tí ẹni tó ni ín ń wà lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà lójoojúmọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè. Oríṣi Roots, tó ń jókòó sórí ẹ́ńjìnì, ń ti afẹ́fẹ́ wọlé gbàrà tí awakọ̀ bá tẹná. Ti centrifugal ń dúró di ìgbà tí eré ẹ́ńjìnì bá le. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, Roots ni tèmi.

Ẹ́ńjìnì Mustang GT ọdún 2018 ti ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ ní ìlọ́po 12 tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá gidi fi ń fi ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ kún un, tó ń fi intercooler mú afẹ́fẹ́ tutù, kí epo má baà gbiná ṣáájú àkókò.