Ìwòye Lámèyítọ́ sí Ìdájọ́ Rodriguez (1973): Owó Ilé-Ẹ̀kọ́ àti Ọ̀rọ̀ ‘Àkóso Ìbílẹ̀’ ní Ìpínlẹ̀ Texas

Ìfáárà

Ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ wà lára àwọn àkọsílẹ̀ tí àwa lámèyítọ́ èdè Yorùbá kì í sábà yẹ̀ wò. Ìtàn àròsọ, eré-onítàn àti ewì ni ọwọ́ wa mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìdájọ́ ní ohùn tirẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ tí ó gbára lé, ó sì ní ohun tí ó mọ̀ọ́mọ̀ fò dá. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó ṣe àyẹ̀wò ìdájọ́ tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹta, ọdún 1973, lórí ẹjọ́ tí Demetrio Rodriguez àti àwọn òbí mìíràn pè ní San Antonio, ìpínlẹ̀ Texas. Adájọ́ márùn-ún ni ó fara mọ́ ọn, mẹ́rin takò ó. Èrò wa ni pé orí gbólóhùn kan ṣoṣo ni ìdájọ́ náà dúró lé, èyí tí a túmọ̀ sí ‘àkóso ìbílẹ̀’, àti pé ẹ̀rí tí ó wà nínú ìdájọ́ náà fúnra rẹ̀ ni ó já irọ́ gbólóhùn náà.

Ohun tí ó fa ẹjọ́

Lọ́dọ̀ wa, ọwọ́ ìjọba ni a ń wò fún owó ilé-ẹ̀kọ́ tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Ọ̀tọ̀ ni ti Amẹ́ríkà. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ níbẹ̀, wọ́n pín ilẹ̀ sí ẹkùn-ẹ̀kọ́. Ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, a sì máa gba owó-orí lórí ilé àti ilẹ̀ tí ó bọ́ sí àárín ààlà rẹ̀ láti fi tọ́jú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ a fi tirẹ̀ kún un, ìjọba àpapọ̀ náà a fi díẹ̀ sí i.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1968, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama Edgewood fi kíláàsì sílẹ̀, wọ́n wọ́de nítorí ilé tí ó ti bàjẹ́ àti àìtó olùkọ́ tí ó kúnjú òṣùwọ̀n. Oṣù Keje ọdún náà ni àwọn òbí gba ilé-ẹjọ́ lọ. Ẹkùn méjì ni wọ́n fi wéra, agbègbè San Antonio kan náà ni méjèèjì sì wà. Edgewood ní akẹ́kọ̀ọ́ bí 22,000. Nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ìran wọn wá láti Mexico. Alamo Heights ní akẹ́kọ̀ọ́ bí 5,000, aláwọ̀ funfun ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Ní ọdún ẹ̀kọ́ 1967 sí 1968, Edgewood ń gba $1.05 lórí ọrọ̀ $100 kọ̀ọ̀kan, ohun tí ó sì rí lórí akẹ́kọ̀ọ́ kan kò ju $26 lọ. $0.85 péré ni Alamo Heights ń gbà, síbẹ̀ $333 ni ó rí.

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ti sọ̀rọ̀ lórí ẹjọ́ yìí, ibi ìyàtọ̀ $26 àti $333 ni wọ́n ń dúró sí. Ní tiwa, iye mìíràn ni ó yẹ kí á dúró tì pẹ́. Texas ní ètò owó ìpìlẹ̀ kan tí ó yẹ kí ó gbé ẹkùn tí kò ní dìde. Lábẹ́ ètò yìí, Edgewood gba $222 lórí akẹ́kọ̀ọ́ kan. Alamo Heights gba $225. Ẹni tí ó ti yó ni a tún bu ẹ̀kún ọbẹ̀ fún! Ní ọdún 1970 sí 1971, owó náà ti di $356 fún Edgewood àti $491 fún Alamo Heights. Ìyàtọ̀ $3 ti di $135 láàrin ọdún mẹ́ta, láti inú àpò ìjọba fúnra rẹ̀.

Kò sí àdììtú nínú rẹ̀. Owó-oṣù olùkọ́ ni ó kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú ètò náà, ìwé-ẹ̀rí àti iye ọdún tí olùkọ́ ti lò lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n sì fi ń ṣírò rẹ̀. Ẹkùn tí ó lè fi owó tirẹ̀ lé owó-oṣù ni olùkọ́ onímọ̀ ń lọ bá. Bí olùkọ́ bẹ́ẹ̀ bá sì ti dé ibẹ̀, owó ìjọba a tẹ̀ lé e lọ.

Ohùn Powell àti ti àwọn tí ó takò ó

Adájọ́ Lewis Powell ni ó kọ ìdájọ́ náà. Ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kò ṣàjèjì sí i, nítorí ó ti jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìlú Richmond ní Virginia rí. Ó ní ẹ̀kọ́ kò sí lára àwọn ẹ̀tọ́ tí ìwé òfin orílẹ̀-èdè náà dáàbò bò. Ó ní kò tíì dájú pé owó púpọ̀ ni ó ń mú ẹ̀kọ́ dára. Ibi tí a gbà pé ó ti lágbára jù ni ibi tí ó ti bèèrè pé ta gan-an ni tálákà. Ẹkùn tí kò lọ́rọ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ẹbí tí kò lówó, nítorí tálákà a máa gbé ní ẹ̀bá ilé-iṣẹ́ ńlá, ilé-iṣẹ́ náà a sì máa mú owó-orí wọlé fún ẹkùn. Àwọn olùpẹjọ́ kò rí ìbéèrè yìí dáhùn tán.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé orí àkóso ìbílẹ̀, ó ní ìdí tí ètò Texas fi bójú mu ni pé ó fún ará ẹkùn kọ̀ọ̀kan láǹfààní láti pinnu iye tí wọn yóò ná lórí àwọn ọmọ wọn. Adájọ́ Byron White ṣe ìṣirò tí ó tú u palẹ̀. Kí Alamo Heights tó lè rí iye tí ẹkùn tí ó ń rí jù lágbègbè náà ń rí, $0.68 lórí $100 ti tó o. Edgewood yóò gba $5.76. Òfin Texas kan náà sì ní ẹkùn kankan kò gbọdọ̀ gbà ju $1.50 lọ! Ẹni tí kò ní oko ni wọ́n ń sọ fún pé òun ni ó ni àkóso oko rẹ̀.

Àlàyé Thurgood Marshall gùn ju ti gbogbo wọn lọ, ó sì máa ń sú òǹkàwé níbòmíràn. Àmọ́ ìbéèrè kan tí ó bi Powell kò ní ìdáhùn: bí owó kò bá já mọ́ nǹkan kan nínú ẹ̀kọ́, kí ni ó dé tí àwọn ẹkùn olówó láti ìpínlẹ̀ mìíràn, tí ẹjọ́ kò kàn, fi wá gbèjà Texas níwájú ilé-ẹjọ́?

Yorùbá máa ń sọ pé ìka kò dọ́gba, irú èrò bẹ́ẹ̀ ni ó sì fara sin sínú ìdájọ́ Powell. Ó sọ̀rọ̀ nípa ọrọ̀ ẹkùn bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nípa òjò tàbí òkè. Kò dúró bèèrè ẹni tí ó fa ààlà. Ìjọba Texas ni ó fa ààlà yẹn, òun ni ó fi òǹtẹ̀ lù ú pé inú rẹ̀ nìkan ni a ti lè gba owó-orí, òun náà ni ó tún fi gbèdéke $1.50 sí i.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e

Powell gbà pé ètò owó-orí náà nílò àtúnṣe, ó sì fi í lé àwọn aṣòfin lọ́wọ́. Ní ọdún 1984, Edgewood tún pẹjọ́, ní ilé-ẹjọ́ ìpínlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, nítorí ìwé òfin Texas fúnra rẹ̀ pa á láṣẹ pé kí ètò ilé-ẹ̀kọ́ múná dóko. Ẹ̀rí ti ọdún 1985 sí 1986 fi hàn pé ẹkùn kan ń ná $2,112 lórí akẹ́kọ̀ọ́ kan, òmíràn ń ná $19,333. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1989, gbogbo adájọ́ Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Texas fẹnu kò pé èyí kò bá òfin mu. Òfin ọdún 1993 wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba lára owó àwọn ẹkùn ọlọ́rọ̀, Alamo Heights sì wà lára àwọn tí ó ti san án.

Rodriguez kú ní ọdún 2013. Ní ọdún 2016, nígbà tí ẹkùn tí ó lé ní 600 ti para pọ̀ tún pẹjọ́, ilé-ẹjọ́ Texas gbà pé ètò náà ní àbùkù púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ó ṣì kúnjú ìwọ̀n tí ó kéré jù tí ìwé òfin béèrè, ó sì dá àtúnṣe rẹ̀ padà sọ́wọ́ àwọn aṣòfin, gẹ́gẹ́ bí Powell ti ṣe ní ọdún 43 sẹ́yìn.