Ọ̀sẹ̀ Mẹ́tàlá: Kíka Ìlànà Iṣẹ́ Yorùbá ti Ilé Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Bí Ìwé

Nígbà tí a bá dárúkọ lámèyítọ́ nínú ìmọ̀ Yorùbá, ìtàn àròsọ, ewì àti eré onítàn ni ọkàn máa ń lọ sí. Ìwé kan wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í sábà pè é ní ìwé, tí ó ń darí ohun tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń gbọ́ nípa èdè wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Òun ni ìlànà iṣẹ́. Olùkọ́ ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara kọ́bọ́ọ̀dù, alábẹ̀wò ń béèrè rẹ̀, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sì ń fi í díwọ̀n ibi tí iṣẹ́ dé. Mo fẹ́ kà á níhìn-ín bí a ṣe ń ka ìwé yòówù tí ó ní òǹkọ̀wé, tí ó ní òǹkàwé, tí ó sì ní ohun tí ó gbà gbọ́ láìsọ ọ́ jáde.

Bí ó ṣe rí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó ti dé ọ́fíìsì olùkọ́ rí. Àtẹ ni. Ìlà òòró kìn-ín-ní ń ka ọ̀sẹ̀ láti orí ìkíní dé ìkẹtàlá. Àwọn mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e ni Èdè, Àṣà àti Lítíréṣọ̀. Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní jẹ́ ti àtúnyẹ̀wò iṣẹ́ sáà tí ó kọjá, àwọn méjì tí ó kẹ́yìn jẹ́ ti àtúnyẹ̀wò àti ìdánwò, ìsinmi ráńpẹ́ sì gba ọ̀kan láàárín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni ó kù. Inú mẹ́sàn-án yìí ni gbogbo Yorùbá ti gbọ́dọ̀ wọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti inú kíláàsì nìkan mọ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2022, Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà èdè kan tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ nílé ẹ̀kọ́. Kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí ìjọba fi wọ́gi lé e. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Àlàyé tí ó ṣe ni pé àwọn agbègbè tí ó ń fi èdè abínibí kọ́ni ni ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò. Mo wà lára àwọn tí ìpinnu náà kò dùn mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń tẹ́tí sí àríyànjiyàn tí ó tẹ̀ lé e, mo ṣàkíyèsí pé èdè tí a ó fi kọ́ni ni gbogbo wa ń jà lé lórí. Ohun tí a ń fi èdè náà kọ́ kò jẹ wá lógún tó bẹ́ẹ̀. Bí a kò bá sì fi Yorùbá kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì mọ́, iṣẹ́ Yorùbá nìkan ni ó kù tí ọmọ yóò ti bá èdè náà pàdé nílé ẹ̀kọ́. Àtẹ onílà mẹ́rin yìí ni yóò wá jẹ́ gbogbo ohun tí ilé ẹ̀kọ́ mọ̀ ní Yorùbá.

Mo lọ bẹ akẹ́kọ̀ọ́ wa kan wò nígbà kan tí ó ń ṣe ìdánrawò ìkọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìbàdàn. Kíláàsì kẹta ni. Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni wọ́n wà, orí ọ̀rọ̀ sì ni àṣà ìkíni. Ó ti fa ilà sí àárín pátákó: ọwọ́ òsì fún ẹni tí a ń kí, ọwọ́ ọ̀tún fún ìkíni. Ọ̀dẹ, àrìnpa o. Onídìrí, ojú gbooro o. Aláró, àrẹ̀dú o. Àwọn ọmọ ń kà á tẹ̀ lé e, ohùn wọn sì ń dún ròkè. Àárín èyí ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wọlé. Gbogbo kíláàsì dìde fùú, wọ́n sì kí ìyá náà lédè Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú orin tí gbogbo wa fi ń kí olùkọ́ láti kékeré. Ìyá náà dá wọn lóhùn lédè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n jókòó. Ẹ̀kọ́ ìkíni sì ń bá a lọ.

Èmi nìkan kọ́ ni mo rí i; akẹ́kọ̀ọ́ wa náà rí i, ó wo ojú mi fìrí. Nígbà tí ó parí, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì bi àwọn ọmọ bóyá ẹnì kan nínú wọn ti rí aláró lẹ́nu iṣẹ́ rí. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni ó nawọ́. Ó ní ìyá àgbà òun ní Abẹ́òkúta ń rẹ àdìrẹ, pé ọwọ́ rẹ̀ kì í mọ́. Olùkọ́ ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Agogo lù.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ ọwọ́ tí kì í mọ́ yẹn títí. Ó jẹ́ ibi tí èdè, àṣà àti lítíréṣọ̀ ti pàdé nínú gbólóhùn ọmọdé kan, àtẹ wa kò sì ní ihò tí a lè fi í sí. Níbo ni ìpín mẹ́ta yìí ti wá? Kì í ṣe láti ẹnu ọmọ, kì í sì í ṣe láti inú ilé. Ọ̀dọ̀ àwa ni ó ti wá. Bí a ti pín iṣẹ́ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè ní yunifásítì nìyẹn. Bí WAEC ti pín ìdánwò Yorùbá náà nìyẹn. Ìpín ọ̀hún sì ṣàn sísàlẹ̀ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ìlànà iṣẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ yunifásítì tí a sọ di kékeré, bí ìgbà tí a bá gé agbádá bàbá fún ọmọ láìyí ọrùn rẹ̀ padà. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tí kò tíì lè ka ojú ewé kan já gaara fi ń há ìyàtọ̀ láàárín fáwẹ̀lì àìránmúpè àti àránmúpè sórí. Ìwé Aláwìíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ kò fi orúkọ fáwẹ̀lì dí ọmọ lọ́nà tó bẹ́ẹ̀. Kíkà ni ó gbé sí iwájú. N kò sọ pé kí á padà sínú ayé Aláwìíyé o. Ayé náà ti lọ. Ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan láti inú ìlà Èdè, kí á má baà sọ pé mò ń kórìíra gírámà. Ọ̀sẹ̀ kẹta: àwọn fáwẹ̀lì àránmúpè, an, ẹn, in, ọn, un. Máàrún ni, ọmọ yóò kọ wọ́n sílẹ̀. Ọmọ tí etí rẹ̀ mú yóò rí i pé lẹ́nu olùkọ́ rẹ̀, an inú ìtàn àti ọn inú ìbọn kò yàtọ̀. Kí ló dé tí a fi kọ wọ́n lọ́nà méjì? Ìdáhùn rẹ̀ rọrùn, ó sì lẹ́wà: lẹ́yìn kọ́ńsónáǹtì tí a fi ètè pè, ọn ni àkọtọ́ wa ń lò, bí ó ti wà nínú ìbọn, ọpọ́n àti ẹ̀wọ̀n, níbòmíràn, an ni. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè fi ọwọ́ kan ètè rẹ̀ kí ó sì rí òfin náà fúnra rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Yóò ti ṣe fonọ́lọ́jì láìmọ orúkọ rẹ̀. Ìlànà iṣẹ́ fún un ní orúkọ, kò sì fún un ní ètè.

Ibi tí ó dùn mí jù lọ ni òǹkà. Nínú èyí tí mo gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa, òǹkà 1 sí 20 wà ní kíláàsì kejì, 21 sí 50 wà ní sáà kan ní kíláàsì kẹta, 51 sí 100 sì di sáà tí ó tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó gé e ní 50 ń fi Gẹ̀ẹ́sì ronú. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, 50 jẹ́ ibi ìsinmi tí ó dára, ẹ̀wá lọ́nà márùn-ún. Nínú Yorùbá, 50 kò dá dúró. Àádọ́ta ni í ṣe, èyíinì ni ọgọ́ta tí a yọ ẹ̀wá nínú rẹ̀. Ọgọ́ta fúnra rẹ̀ sì ni ogún mẹ́ta. Láti orí márùndínláàádọ́ta ni ọmọ ti ń fi ẹ̀yìn ti ọgọ́ta tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi hàn án. Ẹ wo 46, mẹ́rìndínláàádọ́ta: ogún mẹ́ta, yọ ẹ̀wá, kí o tún yọ mẹ́rin. Ìṣirò mẹ́ta wà nínú orúkọ kan ṣoṣo. Ọmọ tí a kò sọ ìyẹn fún yóò há a sórí bí ẹni ń há orúkọ ìlú tí kò dé rí, nígbà tí ó bá sì gbàgbé, a óò sọ pé òǹkà Yorùbá le.

Kò le tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ibi tí èdè fúnra rẹ̀ ti ṣẹ́ ni a ti gé e, à bá kọ́kọ́ kọ́ ọmọ ní ogún, ogójì, ọgọ́ta, ọgọ́rin àti ọgọ́rùn-ún. Kí á wá fi ẹ̀wá tí a dín kún àlàfo wọn, àádọ́ta, àádọ́rin, àádọ́rùn-ún. Lẹ́yìn náà ni lé àti dín yóò wọlé, lé láti orí ọ̀kan dé mẹ́rin, dín láti orí márùn-ún padà sí ọ̀kan. Ọgbọ̀n nìkan ni kò bá wọn tò, ọmọdé sì fẹ́ràn ohun tí kò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ mu. Ẹ má sì gbàgbé pé ọmọ tí à ń kọ́ ní 21 sí 50 yìí ń gbọ́ igba, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún lọ́jà lójoojúmọ́, nítorí pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tí àádọ́ta náírà ń rà mọ́. Ọgbọ́n dín kan náà ni ó wà nínú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta: ẹgbẹ̀ta, yọ ọgọ́rùn-ún. Ọjà ti kọjá ìlànà iṣẹ́ tipẹ́. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ni ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì pe iye owó báyìí. Ìyẹn gan-an ni ó fi yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ yára.

Nínú ìlà Àṣà, ní ọ̀sẹ̀ keje sáà kan náà, eré ayò wà níbẹ̀: “Àlàyé lórí eré ayò, àwọn ohun èlò rẹ̀, àǹfààní rẹ̀.” Ihò méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ méjìdínláàádọ́ta. Òǹkà tí ó ṣòro jù nínú iṣẹ́ sáà náà wà lórí ọpọ́n, ó ń dúró de ọwọ́ ọmọ, nínú ìlà òòró kejì. Àtẹ kò jẹ́ kí wọ́n rí ara wọn.

A lè sọ pé ohun tí mò ń béèrè kò ṣeé ṣe. Ó ti ṣeé ṣe rí. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ ìdarí Babs Fáfúnwá, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní St Stephen's ‘A’, Modákẹ́kẹ́, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ gbogbo iṣẹ́ àfi Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo wa ni a ń tọ́ka sí àbájáde rẹ̀, pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Díẹ̀ nínú wa ni ó ń rántí pé àwọn olùwádìí náà ní láti jókòó kọ ìwé tuntun fún ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ. Wọn kò fi Yorùbá rọ́pò Gẹ̀ẹ́sì nínú àtẹ tí ó ti wà. Bí a bá fẹ́ fi Modákẹ́kẹ́ dá Mínísítà lóhùn, ó yẹ kí á jẹ́wọ́ pé ohun tí ó wà nínú ìlànà iṣẹ́ wa lónìí kì í ṣe ohun tí a ṣe ní Modákẹ́kẹ́.

Helen Verran, tí ó kọ́ni ní Ilé-Ifẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, sọ nínú Science and an African Logic (2001) nípa olùkọ́ kan tí ó pa ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ fún un tì, tí ó fi okùn àti káàdì kéékèèké kọ́ àwọn ọmọ ní ìdíwọ̀n gígùn, tí ẹ̀kọ́ náà sì yọrí. Àríyànjiyàn ìwé náà lórí ohun tí òǹkà jẹ́ pọ̀ ju èyí tí mo lè dé níhìn-ín lọ. Olùkọ́ náà ni mo fẹ́ kí á wò. Ó mọ àwọn ọmọ rẹ̀ ju ìwé lọ, ó sì ní ìgboyà láti ṣẹ̀. Àwọn olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ṣì wà. Ohun tí ó ń dí wọn lọ́wọ́ ni pé a kì í fún ẹni tí ó ṣẹ̀ ní máàkì.

Akẹ́kọ̀ọ́ wa ọjọ́ náà ti gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ó sì ti di olùkọ́. Fọ́ọ̀mù tí mo kọ nípa rẹ̀ ṣì wà nínú fáìlì ẹ̀ka wa. Ojú ewé kejì rẹ̀ ní àlàfo tí a ní kí alábẹ̀wò kọ àkíyèsí sí. N kò kọ ohunkóhun síbẹ̀ nípa ìkíni tí àwọn ọmọ kí ọ̀gá wọn, tàbí nípa ọwọ́ ìyá àgbà tí kì í mọ́. Ohun tí mo kọ ni pé olùkọ́ náà tẹ̀ lé ìlànà iṣẹ́ dáadáa, mo sì fún un ní 68.