Ilé Ọtí Méjì

Nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ títún ilé àtijọ́ ṣe bá délẹ̀, ilé ọtí méjì ni ọkàn mi máa ń lọ sí: ọ̀kan ní Èkó, èkejì ní Òṣogbo.

Ti Èkó ni Ilojo Bar, ní Ìta Tinúbú. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní 1855, pẹ̀lú ọnà ilé kíkọ́ àwọn Àgùdà tó ti Brazil bọ̀. Alfred Omolana Olaiya rà á ní 1933. Ní 1956, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀.

Ti Òṣogbo kò ní irú ẹwà bẹ́ẹ̀. Ilé lásán ni, níbi tí Dúró Ládiípọ̀ ti ń ta ọtí, tó pè ní Popular Bar. Ní 1962, òun àti Ulli Beier sọ ọ́ di ilé eré àti ilé àwòrán. Mbari, orúkọ tí wọ́n fún un, ọ̀rọ̀ Ìgbò ni. Ẹnu ará ìlú ló sọ ọ́ di Mbárí Mbáyọ̀: bí mo bá rí i, ǹ bá yọ̀. Níbẹ̀ ni Ọba Kò So ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó dé Berlin. Níbẹ̀ ni Muraina Oyelami àti Twins Seven-Seven ti di ayàwòrán.

Kí ni Òṣogbo ní tí Èkó kò ní? Kì í ṣe ẹwà, kì í ṣe òfin. Òfin fún ilé Èkó ní orúkọ, kò fún un ní iṣẹ́. Ilé tí a kì í wọ̀, aláǹtakùn ni í jogún rẹ̀. N kò sì fẹ́ ká da gbogbo ẹ̀bi lé onílé lórí. Bí a bá ní kí ènìyàn má wó ilé rẹ̀ lórí ilẹ̀ olówó iyebíye, tí a kò fún un ní ohun tí yóò máa fi ilé náà ṣe, ẹrù la dì fún un.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ìlù àti ijó yóò ba ògiri àtijọ́ jẹ́. Èmi kò gbà. Ilé ọtí kì í ṣe ààfin: ẹnikẹ́ni ló lè wọ ibẹ̀ láìparọ̀ aṣọ, láìbẹ̀ ẹnìkan. Ìlẹ̀kùn ṣíṣí yìí ni ogún tó tóbi jù nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Bí a bá tún ògiri ṣe, tí a wá fi ẹ̀ṣọ́ sẹ́nu ọ̀nà kí àwọn ọmọ àdúgbò má baà wọlé, a ti wó o lọ́nà mìíràn. Nítorí náà, kí a tó po símẹ́ǹtì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi àwọn aládùúgbò léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ wá ṣe níbẹ̀.

Ará Òṣogbo ti sọ ọ́: kí a tó yọ̀, a ní láti rí. Ta ni yóò tún rí ilé Ìta Tinúbú?